Àyẹ̀wò Ọdún: Lafẹ́nwá Lórí Pákó Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́rin

Ọdún ti fẹ́ parí, ẹ jẹ́ kí n ro iṣẹ́ ọwọ́ mi fún yín. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe rélùwéè kékeré nínú yàrá mi ní London, abúlé Òyìnbó ni mo sì máa ń kọ́ ṣáá: ilé oníbíríkì, pápá tútù, àgùntàn. Wọ́n dára lójú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí mo gbé inú rẹ̀ dàgbà. Lóṣù kejì ni mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ Lafẹ́nwá, ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ní Abẹ́òkúta, níbi tí ìyá àgbà ti máa ń mú mi wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Ìṣirò ló gbé mi dé ibẹ̀. Ojú irin kékeré tí wọ́n ń pè ní N, tí a ń rà níbí, mílímítà 9 ló fẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó ní ìwọ̀n 1:148, ìyẹn ni pé mílímítà 1 dúró fún 148, ṣùgbọ́n ojú irin tiwọn gan-an fẹ̀ ní mílímítà 1435, nítorí náà 9 há jù fún un. Ojú irin àtijọ́ wa láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 1901, mílímítà 1067 ni. Ẹ pín in sí ọ̀nà 120, ẹ wo ohun tí ẹ óò bá: díẹ̀ báyìí ló fi dín sí 9! Àwọn ará New Zealand, tí ojú irin tiwọn náà jẹ́ 1067, ti mọ èyí tipẹ́. Inú mi dùn débi pé n kò sùn lóru ọjọ́ náà. Irin tí kò bá ti onílé mu, tiwa ló bá mu rẹ́gí.

Páànù ló gba àkókò mi jù. Mo tẹ́ fọ́ìlì ìdáná sórí bébà, mo yí bóòtù M4, ìdè irin tó nípọn ní mílímítà mẹ́rin, lé e lórí, eyín bóòtù náà sì fà á ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi páànù gidi. Mo fi àwọ̀ ìpẹtà kùn ún, mo nù ún, mo tún kùn ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ wo ìlú rí yóò mọ ìdí tí n kò fi lè yára níbẹ̀.

Lóṣù kẹwàá, mo gbé e lọ síbi àfihàn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ìyapa ojú irin tí mo rà, ìyẹn ibi tí ojú irin ti pín sí méjì, ike wà láàárín rẹ̀. Ara ojú irin ni ẹ́ńjìnnì ti ń gba iná, ike kì í sì í gbé iná, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì mi ń kú síbẹ̀ lójú èrò. Ó dùn mí gan-an. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ sí onírin.

Ibẹ̀ náà ni bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà rí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, Lafẹ́nwá nìyí. Àmọ́ àwọn ọlọ́jà dà?" Ó ní kí ọkọ̀ tó dúró ni wọ́n ti máa ń sáré tẹ̀ lé e, tí èrò yóò ju owó sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ óò rí wọn."

Láti ìgbà náà, ère obìnrin ni mo ń gbẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ní mílímítà 14. Ọsàn orí àtẹ wọn kò tó orí abẹ́rẹ́. Mẹ́rin ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀karùn-ún ṣì ń gbẹ lórí tábìlì. Ó gbé àtẹ rù, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè sí fèrèsé.