Ẹ̀yin bọ̀dá oní-gọ́ọ̀fù, ẹ fi Rory sílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo Nelly

Màá kọ́kọ́ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bínú: ọkùnrin tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Lagos, láti Ikoyi Club dé Ikeja dé Lakowe, ẹni tó sún mọ́ jù nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kì í ṣe Rory McIlroy o, Nelly Korda, obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà, ni. Tóun náà bá lè swing bíi Nelly sha.

Ẹ má rò pé mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rọ ló sọ ọ́. TrackMan, ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kó lè wọn bó ṣe ń fò, ti gbé ìpíndọ́gba àwọn pro síta tipẹ́. Ọkùnrin PGA Tour (ìdíje àwọn ọkùnrin pro ní Amẹ́ríkà) ń ju driver (ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù) ní nǹkan bíi máìlì 113 láàárín wákàtí kan, obìnrin LPGA (ìdíje tàwọn obìnrin pro) bíi 94, bọ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì láàárín ọ̀sẹ̀ tó wá ń gbá gọ́ọ̀fù tiẹ̀ ní Sátidé, bíi 93. Ọgbọọgba ni wọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn, tó bá fi 94 ẹ̀ gbá a, bọ́ọ̀lù á wà lókè fún nǹkan bíi yáàdì 218 kó tó kan ilẹ̀, a ò tíì wá sọ ti èyí tó máa yí lọ. Bọ̀dá wa ńkọ́? Bọ̀dá wa wà nínú igbó lápá ọ̀tún, kádì (ẹni tó ń bá a gbé bag) ń fẹsẹ̀ tú koríko kiri.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe tá ò ṣe? Ẹ fojú sí ibi tí orí driver ti ń bá bọ́ọ̀lù. Àwọn obìnrin LPGA, ìgbà tí driver ti kọjá ìsàlẹ̀ tó ti ń gòkè bọ̀ ni wọ́n ń bá a, bíi degree 3 sókè. Àwọn ọkùnrin PGA gan-an, ìsọ̀kalẹ̀ díẹ̀ ni tiwọn, àmọ́ wọ́n ní speed tí wọ́n lè fi ṣòfò, ẹ̀yin ò ní. Tẹ́ ẹ bá ń gé driver mọ́lẹ̀ pẹ̀lú 93, spin (bí bọ́ọ̀lù ṣe ń pòyì lójú afẹ́fẹ́) ló máa jẹ gbogbo yáàdì yín tán. Ẹ gbé tee (igi kékeré tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé) sókè títí ìdajì bọ́ọ̀lù á fi yọ lórí driver, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sí ọ̀gangan gìgísẹ̀ òsì (ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà), kí èjìká òsì ga ju tọ̀tún lọ díẹ̀, ó tán. Kò gba pé kẹ́ ẹ lọ máa gbé irin ní gym.

Èyí sì ṣe pàtàkì fún àwa ará Lagos ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí òjò. Tó bá ti di oṣù kẹfà tí fairway (ojú pápá tí wọ́n gé koríko ẹ̀) ti mu omi yó, bọ́ọ̀lù kì í yí mọ́, ibi tó bá balẹ̀ sí náà ló máa jókòó sí pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Gbogbo "mo gbá 260" tẹ́ ẹ máa ń sọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, ilẹ̀ líle ló ń yá yín ní yáàdì, tójò bá dé á gbà á padà.

Ní ibi tí mo ti ń gbá, ní Mainland níbí (mi ò ní dárúkọ, mo ṣì fẹ́ máa mu pẹ́pẹ́súùpù wọn), tí mo bá ní kí wọ́n yí tẹlifísàn sí LPGA, ẹ̀gbọ́n kan á ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo gọ́ọ̀fù gidi." Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló sọ pé seven iron òun (ọ̀pá onírin nọ́ńbà 7) ń lọ yáàdì 170. Seven iron LPGA, nínú figure TrackMan tí mo ń sọ yẹn, bíi 141 ni. 141 o! Àwọn tó ń fi í gba owó dọ́là! Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ń gbá 170, ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá ku 150 ó máa ń já sí bọ́ńkà (kòtò oníyanrìn) iwájú gíríìnì (ibi tí ihò wà), á wá máa bi kádì pé atẹ́gùn wo nìyí. Atẹ́gùn kankan ò sí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mú six iron, tàbí five gan-an, nọ́ńbà tó bá kéré ló ń lọ jìnnà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ló jọ pé ó ń dójú ti àwọn ọkùnrin jù. Ẹ yẹ bag àwọn LPGA wò, ẹ máa rí hybrid, ẹ máa rí seven wood, àwọn míì nine wood pàápàá (àwọn ọ̀pá olórí ńlá tó ń tètè gbé bọ́ọ̀lù sókè), wọn ò rọ̀ mọ́ four iron tí kò ní gbé bọ́ọ̀lù sókè fún wọn. Láàárín àwa níbí, tẹ́ ẹ bá yọ seven wood, wọ́n á ní ọ̀pá ìyá àgbà lẹ yọ. Ọ̀gá kádì tó máa ń gbé bag mi, àgbàlagbà ni, ó ti ń gbé bag kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ par (iye ìgbá tó yẹ kéèyàn fi parí ihò kan), òun kì í tiẹ̀ dá wọn lóhùn, á kàn fà á yọ nínú bag, á fi ìdí aṣọ ẹ̀ nù ún, á ní, "Màdáámù, ẹ gbà, ilé ló ń lọ." Nínú koríko tútù, ọ̀pá yẹn á gba àárín ẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, long iron á há síbẹ̀.

Ẹ wá wo Inbee Park. Ọmọ South Korea, major (ìdíje tó tóbi jù) 7, góòlù Olympics ní Rio lọ́dún 2016. Èmi fúnra mi, òun ni mo fi ń kọ́ swing. Obìnrin yìí á gbé ọ̀pá lọ sókè bí ẹni tó ń sọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn kalẹ̀ lẹ́yìn, kò yára, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ká, tó bá wá dókè á dà bíi pé ó gbàgbé nǹkan kan, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìwé tó máa ní kẹ́ ẹ swing bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo finish ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í yẹ̀, ojú ẹ̀ ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ara ẹ̀ dúró jẹ́jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa, tá a bá gbá driver tán, ẹsẹ̀ ọ̀tún á ti rìn lọ síwájú, fìlà á ti yẹ̀, a ó wá máa pariwo "fore!" Tẹ́ ẹ bá dé range (pápá ìdánrawò), ẹ gbá a kẹ́ ẹ sì dúró nínú finish títí bọ́ọ̀lù á fi balẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá lè dúró, ẹ ti ju agbára yín lọ nìyẹn, ẹ dín in kù.

Jin Young Ko, ọmọ South Korea náà, ní 2019, ó gbá ihò 114 léraléra láìní bogey (ìgbá kan ju par lọ) kan ṣoṣo, Tiger Woods gan-an 110 ni tiẹ̀ ní 2000. Ẹni tó bá ń lé flag kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńkà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé, àárín gíríìnì lẹni bẹ́ẹ̀ ń wò.

Lydia Ko, ọmọ New Zealand, ní Olympics Paris lọ́dún 2024, ìyẹn ni mo fi máa ń bá ọkọ mi jà. Ó ti fi ìgbá márùn-ún ṣíwájú, ó wá gbá bọ́ọ̀lù sómi ní ihò 13, double bogey (ìgbá méjì ju par lọ), ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Esther Henseleit ti parí tiẹ̀ tó sì ti ń fojú sọ́nà, ìgbá kan péré ló kù láàárín wọn. Ihò 18 jẹ́ par 5, omi wà níbẹ̀. Ọkọ mi á ti yọ three wood, kó lè gbá a kọjá omi. Lydia rọra gbé tiẹ̀ sílẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ omi, ó mú wedge (ọ̀pá kúkúrú), ó fi putt wọ ihò, birdie (ìgbá kan dín sí par), góòlù, ó sì ti ara ẹ̀ wọ Hall of Fame LPGA lọ́mọ ọdún 27. Ọkọ mi ní òun ì bá gbá eagle (ìgbá méjì dín sí par). Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà.

Nǹkan kékeré kan wà: láti 2019, òfin ò gbà kí kádì dúró sẹ́yìn yín máa tọ́ yín sọ́nà mọ́ bẹ́ ẹ bá ti ń dúró sí bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ lára wọn ní LPGA ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé wọ́n wá kú? Wọ́n ń wá ewé gbígbẹ tàbí koríko kan níwájú bọ́ọ̀lù, wọ́n á dojú ọ̀pá kọ ọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sátidé.

Tí ihò kan bá sì ba ọjọ́ yín jẹ́, ẹ rántí Nelly fúnra ẹ̀. US Women's Open 2024 ní Lancaster, kò tíì ju ihò mélòó kan lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, par 3 kékeré kan, ihò 12 (ihò 10 ló ti bẹ̀rẹ̀), ó gbá a sí bọ́ńkà, láti bọ́ńkà ó kó sómi, ó tún kó sómi, ó tún kó sómi. 10! Obìnrin tó ti gba ìdíje márùn-ún léraléra lọ́dún yẹn! Ó parí ọjọ́ náà pẹ̀lú 80, kò sì yege láti gbá a ní òpin ọ̀sẹ̀. Kò ju ọ̀pá, kò bú kádì. Ìgbà tọ́dún yẹn máa fi parí, ife méje ló gbà.

Ẹ tún máa wo Georgia Oboh tiwa, ọmọ Nàìjíríà tó ti gbá ní Ladies European Tour, kẹ́ ẹ má baà ní àwọn òyìnbó àti Korea nìkan ni mo ń pọ́n. LPGA ń gbé fídíò sórí YouTube, kì í jẹ dátà púpọ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó ní 480p. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó lọ sí range, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá délé.