Yíyọ libpcre àtijọ́ kúrò nínú Linux wa: tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí tó ń di òdo

libpcre.so.1, fáìlì láíbúrárì PCRE àtijọ́ tí àwọn ètò fi ń wá àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ (regular expression), ti kúrò ní /usr/lib! ISO (fáìlì tí a fi ń gbé Linux wa sórí ẹ̀rọ) tí a kọ́ ní Yábàá lálẹ́ àná tàn dáadáa, desktop jáde, íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, méjì péré ló ṣì ń pe láíbúrárì àtijọ́ náà. Ọ̀kan ti gbọ́rọ̀, èkejì la ṣì ń bá fà á.

Ìdí tí a fi ń yọ ọ́ nìyí. 8.45 tó jáde ní 2021 ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Láti 2015 ni PCRE2, arọ́pò rẹ̀, ti wà, ibẹ̀ sì ni àtúnṣe ń lọ. Bí ihò ààbò bá yọ nínú ti àtijọ́ lónìí, àwa la máa dí i fúnra wa, nínú láíbúrárì tó ń ka ohunkóhun tí ará ìta bá fi ránṣẹ́. Ìyẹn ju agbára wa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Debian bọ̀, ẹ ṣọ́ra fún orúkọ: libpcre3 tiwọn ni ti àtijọ́, libpcre2-8-0 ni tuntun. Kí nọ́ńbà má tàn yín jẹ.

Àwọn tó rọrùn: glib láti 2.74, grep láti 3.8, PHP láti 7.3, nginx láti 1.21.5, gbogbo wọn ló ti mọ PCRE2. A gbé wọn sókè, ó parí.

Láti mọ ẹni tó kù, a fi readelf -d wo gbogbo fáìlì inú /usr àti /opt, a ń wá NEEDED (ìlà tó ń sọ láíbúrárì tí fáìlì nílò) tó dárúkọ libpcre.so.1. Ìyẹn nìkan kò tó, torí ètò tó ń fi dlopen pe láíbúrárì nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ kì í hàn níbẹ̀. grep -rl 'libpcre.so' ló ń tú wọn síta.

Ó wá ku ètò tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn business centre ń lò, èyí tó ń ka iye àkókò tí oníbàárà rà. Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú kóòdù rẹ̀ mọ́, àmọ́ àwọn tó ń lò ó pọ̀, a ò sì lè já wọn sílẹ̀. Yíyí orúkọ padà kò le: pcre_compile di pcre2_compile, pcre_exec di pcre2_match, ẹ kọ #define PCRE2_CODE_UNIT_WIDTH 8 ṣáájú #include <pcre2.h>, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ compiler máa kọ̀. Dípò int ovector[30], àkójọ tó ń sọ ibi tí ohun tó bá mu ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ fi pcre2_match_data_create_from_pattern ṣe é, kí ẹ sì ṣe é síta lúùpù, kó má bàa máa gba mẹ́mọ́rì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ó kọ́ láìsí àṣìṣe kankan. 30min jáde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. 2hr jáde ní òdo. Gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí ló di òdo, kò sì sí segfault (kí ètò kú lójijì), kò sí ìkìlọ̀, kò sí ohunkóhun nínú log.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Pattern náà, ìyẹn àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí ètò ń wá, ni (?:(\d+)min|(\d+)hr), (\d+) kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Bí ó bá jẹ́ 2hr, ẹgbẹ́ kìíní kò bá nǹkan kan mu. Láyé PCRE àtijọ́, ovector jẹ́ int, ẹgbẹ́ tí kò bá nǹkan mu máa ń gba -1, kóòdù á sì béèrè pé if (ov[2] < 0), á wá lọ sí ẹgbẹ́ kejì. Nínú PCRE2, PCRE2_SIZE ni ovector, ìyẹn size_t, kò sì sí size_t tó kéré ju òdo lọ. Ìbéèrè yẹn kò lè jẹ́ òótọ́ láéláé. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ẹgbẹ́ náà jẹ́ iye kan náà, nítorí náà tí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, gígùn rẹ̀ á jẹ́ òdo. Ètò náà á gbà pé ẹgbẹ́ kìíní bá ọ̀rọ̀ òfìfo mu, á sọ òfìfo di nọ́ńbà, oníbàárà tó san owó wákàtí méjì á wá gba òdo. 30min kò ní ìṣòro torí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló ṣáájú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: if (ov[2] == PCRE2_UNSET), iye tí PCRE2 ń fún ẹgbẹ́ tí kò bá nǹkan mu. Ṣùgbọ́n wíwá irú rẹ̀ nínú kóòdù ẹlòmíràn ni iṣẹ́. -Wall nìkan kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú C. Ẹ fi -Wextra kún un, tàbí -Wtype-limits, gcc á sì tọ́ka sí ìlà náà gan-an. A ti fi í sínú ìlànà ìkọ́ wa fún gbogbo ohun tó bá ti libpcre bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ nǹkan wọ̀nyí nílé, make -j4 lórí 4 GB RAM máa ń parí sí “Killed” nígbà tí C++ bá wọ̀ ọ́. Ẹ lo -j2, tàbí kí ẹ fi RAM kún un. Ní Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ẹ wo ara RAM kí ẹ tó sanwó: PC3L ni ti 1.35 V, PC3 lásán ni ti 1.5 V, àwọn laptop tòkunbọ̀ kan kò sì ní tàn rárá bí ẹ bá fi PC3 lásán sí wọn. Ẹ bẹ olùtajà kó jẹ́ kí ẹ fi memtest86+, ètò tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì nínú méjì tó ṣì ń pe libpcre àtijọ́ ni dráífà ìtẹ̀wé kan tí kò ní kóòdù, fáìlì tí wọ́n ti kọ́ tán nìkan la rí. Symlink láti libpcre2-8.so.0 sí libpcre.so.1 kò lè ràn án lọ́wọ́: “undefined symbol: pcre_compile” lẹ máa rí, torí orúkọ inú wọn kò dọ́gba.

Èrò wa tẹ́lẹ̀ ni pé ká kó ti àtijọ́ sínú package ọ̀tọ̀, ká fi í sílẹ̀ fún ISO kan sí i. A ti pa èrò yẹn tì. Níwọ̀n ìgbà tí pcre.h (header tí compiler ń kà láti lo láíbúrárì náà) bá ṣì wà níbẹ̀, configure kan á rí i, á sì so mọ́ ọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, a ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé ká gbé libpcre.so.1 nìkan, láìsí header, sínú àpò dráífà náà lábẹ́ /opt, ká wá fi patchelf --set-rpath '$ORIGIN' sórí .so tó ń pè é, kó lè máa wá láíbúrárì nínú àpò tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ .so yẹn gan-an. Bí ẹ bá fi sórí filter tó ń pe .so náà, kò ní rí i, torí RUNPATH tí patchelf ń kọ kì í ran àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tẹ̀wé. Àmọ́ ìwé àṣẹ dráífà náà kò jẹ́ ká pín fáìlì tí a ti yí padà, nítorí náà orí ẹ̀rọ oníkálukú ni patchelf ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, script tó máa ṣe é ló kù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tó mọ IPP Everywhere (ìlànà ìtẹ̀wé láìsí dráífà) kò nílò gbogbo èyí. Àṣẹ lpadmin pẹ̀lú -m everywhere ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ètò tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ dán ISO yìí wò pẹ̀lú 30min, 2hr àti ìlà òfìfo, kí ẹ tó gbé e síwájú oníbàárà. Bí èyíkéyìí bá jáde lódì, ẹ fi ìlà náà àti ohun tí ldd (àṣẹ tó ń to láíbúrárì tí ètò ń pè) sọ ránṣẹ́ sí wa.