Wákàtí ni kí ẹ kà, ẹ má ka tẹ́ńpìlì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Ayutthaya àti Angkor

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lórí WhatsApp, pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ onítour tó dáa, ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí. Tí ẹ bá fẹ́ bá àwọn onítour lọ wo ìlú àtijọ́ lápá Éṣíà, ẹ má wo iye tẹ́ńpìlì tí wọ́n tò sínú ìwé ètò wọn o. Wákàtí tí wọ́n máa fún yín níbì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò, lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ béèrè ẹni tó máa mú yín kiri. Gbogbo ìyókù, irú hòtẹ́ẹ̀lì, irú bọ́ọ̀sì, ẹ ṣì lè gbé e mì.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ, London la ti gbéra, Thailand la kọ́kọ́ dé ká tó kọjá sí Kàmbódíà. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í fọwọ́ sí nǹkan tí wọn ò bá kà tán, kí a tó san kọ́bọ̀ wọ́n ti mú bírò, wọ́n ń kọ wákàtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tẹ́ńpìlì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ètò tí oríṣiríṣi onítour fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn kó tẹ́ńpìlì mẹ́jọ sínú ọjọ́ kan ṣoṣo ní Angkor, ìlú àtijọ́ tó wà ní Kàmbódíà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé wíwò la fẹ́ wò wọ́n ni àbí a fẹ́ sáré kọjá níwájú wọn?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tá a wá mú, ibi tó kọ sílẹ̀ kéré, owó ẹ̀ sì fi díẹ̀ lé sí i, ọkàn mi ò kọ́kọ́ gbà á àmọ́ ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́.

Bangkok la ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1782 ni Ọba Rama Kìíní sọ ọ́ di olú-ìlú, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààfin ńlá tí gbogbo ayé ń lọ wò. Inú ọgbà ààfin yẹn ni ère Búdà aláwọ̀ ewé wà, kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 66 lọ, òkè téńté ni wọ́n gbé e sí tó jẹ́ pé ẹ máa na ọrùn kí ẹ tó rí i, ọba fúnra ẹ̀ ló sì máa ń pààrọ̀ aṣọ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, aṣọ ìgbà ooru, aṣọ ìgbà òjò, aṣọ ìgbà òtútù. Ẹ bọ́ bàtà o, tí ẹ bá jókòó ẹ ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má na àtẹ́lẹsẹ̀ sí ère. Kí n sọ òótọ́, mi ò gbádùn ààfin yẹn tó bí mo ṣe rò, èrò ti pọ̀ jù.

Ibi tó wọ̀ mí lára ni Wat Traimit, tẹ́ńpìlì kan lẹ́bàá àdúgbò àwọn Ṣáínà. Ère Búdà kan wà níbẹ̀, wúrà ni, ó wọn bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún ààbọ̀. Ọdún gbọọrọ ni ère yìí fi wà láìsí ẹni tó mọ̀ pé wúrà ni torí wọ́n ti rẹ́ ẹ lára, ó kàn rí bí ère lásán, àfi lọ́dún 1955 tí wọ́n ń gbé e lọ sí ilé tuntun tó já bọ́, ara ẹ̀ sán, wúrà bá yọ. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé àwọn ará ìgbàanì ló bò ó kí ọ̀tá má bàa kó o lọ. Ká ní mo dá wọbẹ̀ ni, láìsí gáìdì tó sọ ìtàn yìí fún wa, ǹ bá kàn ya fọ́tò kan kí n jáde, torí lójú, ère ńlá tó ń dán lásán ni.

Nǹkan kan wà tí wọ́n ń ṣe nítòsí ààfin tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Tí ẹ bá ń dá rìn lọ, ẹnì kan tó múra dáadáa, tó ń rẹ́rìn-ín, máa sún mọ́ yín, á ní ààfin ti tì lónìí torí ayẹyẹ, àmọ́ onímárúwà kan wà tó lè fi owó táṣẹ́rẹ́ gbé yín lọ wo ibòmíì. Irọ́ ni jàre. Ilé ìtajà òkúta iyebíye ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ, àwọn tó gbé yín lọ máa gba nǹkan tiwọn lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé ìtajà. Ẹ máa rìn lọ títí dé ẹnu géètì. Àwọn onítour míì náà ń ṣe irú ẹ̀ o, tiwọn kàn ní éésì nínú ni, wọ́n á ní kí ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ sílíkì, wákàtí méjì á lọ níbẹ̀, tẹ́ńpìlì tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ wá á wá di ìṣẹ́jú ogún. Ìdí tí mo ṣe ní kí ẹ ka wákàtí nìyẹn. Kí ẹ tó sanwó ẹ bi wọ́n: ilé ìtajà mélòó ni bọ́ọ̀sì máa dúró? Tí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ayutthaya ò jìnnà sí Bangkok, bíi kìlómítà 80 sápá àríwá, ọkọ̀ ojú irin ń lọ, owó ẹ̀ ò sì wọ́n, kò sẹ́ni tí ò lè dá lọ. Àmọ́ tí ẹ bá dá lọ, bíríkì tó ti wó àti ère tí ò lórí lẹ máa rí. Ọdún 1350 ni wọ́n tẹ ìlú yẹn dó sáàárín odò mẹ́ta, Chao Phraya, Lopburi àti Pa Sak, ó ṣe olú-ìlú fún ohun tó lé ní 400 ọdún kí àwọn ọmọ ogun Bọ́mà tó wá sọ ọ́ di eérú lọ́dún 1767 (Bọ́mà yẹn náà ni o, tí wọ́n kó àwọn bàbá wa lọ jagun sí nígbà ogun Hitler). Gáìdì wa níbẹ̀, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní ká wo ọrùn àwọn ère dáadáa. Ó ní kì í ṣe ogun ló gé gbogbo orí yẹn, olè ló gé àwọn míì láti tà á fún àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, èmi náà wò wọ́n, ọ̀rọ̀ ère Bìní tó wà ní British Museum ló wá sí wa lọ́kàn, a ò tiẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Ní Wat Mahathat, orí Búdà kan wà tí gbòǹgbò igi ti wé mọ́ tó fi jẹ́ pé ojú nìkan ló kù níta. Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀ ẹ lóṣòó tàbí ẹ jókòó sílẹ̀, orí yín ò gbọdọ̀ ga ju ti Búdà lọ. Ẹ má sì lọ dúró sẹ́yìn ère tí ò lórí kí ẹ wá fi orí tiyín dí i torí Instagram, ìwà àrífín gbáà ni lójú wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi Wat Chaiwatthanaram sí, ẹ̀bá odò ló wà, àwọn ọmọ Thailand fúnra wọn máa ń háyà aṣọ ìbílẹ̀ wá ya fọ́tò níbẹ̀, ó dùn-ún wò.

Láti ibẹ̀ la ti lọ wọ bàlúù sí Siem Reap, ìlú tó wà nítòsí Angkor ní Kàmbódíà. Tí ètò tiyín bá ní kí ẹ fi bọ́ọ̀sì gba ẹnubodè Poipet, ẹ kọ́kọ́ wo ìròyìn o. Lọ́dún 2025 orílẹ̀-èdè méjèèjì yìnbọn lu ara wọn, wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ pa, ọ̀rọ̀ ààlà àti àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó wà lórí ààlà ló fa wàhálà náà. Preah Vihear tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, láti 1962 ni ilé ẹjọ́ àgbáyé ti dá a fún Kàmbódíà.

Angkor wá ńkọ́. Kì í ṣe tẹ́ńpìlì kan o, ìlú àwọn ọba Khmer, ìyẹn àwọn ọba Kàmbódíà àtijọ́, ni, tẹ́ńpìlì ẹ̀ fọ́n káàkiri inú igbó, ẹ ò lè wò ó tán, ẹ má tiẹ̀ gbìyànjú. Angkor Wat tó wà lára àsíá wọn, Ọba Suryavarman Kejì ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, òrìṣà Híńdù tó ń jẹ́ Vishnu ló kọ́ ọ fún, ẹ̀yìn ìyẹn ló di ti ẹlẹ́sìn Búdà. Ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, ìdí nìyẹn tí oòrùn àárọ̀ fi ń yọ lẹ́yìn ẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń jí lóru lọ dúró sẹ́bàá adágún kékeré tó wà lọ́wọ́ òsì. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́, àmọ́ ọgbọ́n tí gáìdì wa ta lẹ́yìn ìyẹn gan-an ló tó owó tá a san. Bí oòrùn ṣe yọ tán tí àwọn èrò ń wọ́ padà lọ jẹun àárọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, bàbá yẹn ní ká wọlé. Ó ti ní ká di oúnjẹ tiwa dání láti àná.

Ògiri ló mú wa lọ wò. Apá ìwọ̀ oòrùn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká wá máa gba ọwọ́ ọ̀tún lọ, bí wọ́n ṣe to ìtàn yẹn nìyẹn. Ogun wà níbẹ̀, ọ̀run wà níbẹ̀, ọ̀run àpáàdì náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fìyà jẹ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lóríṣiríṣi. Ẹ ó wá dé ibi tí àwọn òrìṣà dúró lápá kan tí àwọn ẹbọra dúró lápá kejì, ejò gbọọrọ kan lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń fà á síwá sẹ́yìn láti fi ru òkun wàrà kí omi àìkú lè jáde. Ògiri yẹn nìkan gùn tó bíi mítà 49. A pẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ míì wá bá wa, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ, òmíì tún dé, wọ́n lọ, àwa ṣì wà níbẹ̀ tí bàbá ń fi ìka hàn wá bí ojú òrìṣà ṣe yàtọ̀ sí ti ẹbọra.

Bayon náà, tẹ́ńpìlì míì ní Angkor, ojú ńláńlá tó ń rẹ́rìn-ín lókè ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ yà, Ọba Jayavarman Keje ló kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri ìta. Ọjà ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ìjà àkùkọ, obìnrin tó ń rọbí, àwọn tó ń dáná, ogun ojú omi. Gáìdì wa ní aṣojú kan wá láti Ṣáínà ní 1296, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin ló ń ṣe káràkátà nílùú yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní "Àwọn ìyálọ́jà!" lohùn rara, àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yíjú. Ta Prohm tí igi ti jókòó lórí ilé, ọdún 1186 ni ọba yìí kan náà kọ́ ọ láti fi bọlá fún ìyá ẹ̀, ó dáa, àmọ́ ìlà àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò nídìí igi gùn ju ohun tó yẹ lọ. Tí ẹ bá máa yọ ọ̀kan kúrò, ẹ má yọ Banteay Srei, ó jìnnà díẹ̀, ó kéré, ọdún 967 ni wọ́n ṣí i, òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú ni, kò sì síbi tí wọn ò gbẹ́ ọnà sí lára ẹ̀.

Ẹ̀yin tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, àtẹ̀gùn tó lọ sí òkè pátápátá ní Angkor Wat dá gan-an, wọ́n ti ṣe ti pákó lé e lórí àmọ́ ó ṣì le. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sísàlẹ̀ tiwọn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa gùn ún, ìborùn tẹ́ ẹ kàn ta lé èjìká ò tó, aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún ni wọ́n ń fẹ́. Bùbá àǹkárá tó fúyẹ́ ni mo wọ̀, ooru ò pa mí, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Gáìdì tó mọṣẹ́ máa mú yín kúrò nínú oòrùn láago mọ́kànlá, ẹ ó sùn díẹ̀, ẹ ó tún jáde ní bíi aago mẹ́ta. Tí ètò yín bá ní kí ẹ máa rìn láago kan ọ̀sán nínú oṣù kẹrin ọdún, ẹ sá.

Bàbá tó mú wa kiri yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọdé ló wà nígbà ìjọba Pol Pot, aláṣẹ Kàmbódíà tó pa àìmọye èèyàn, 1975 sí 1979. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa bi í tààrà nínú bọ́ọ̀sì pé ta ló kú nílé wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí igi kan lójú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa igi. Ẹ má bi wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ, wọ́n á sọ fúnra wọn. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó yá, àwọn méjèèjì nìkan, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ní ti owó: dọ́là ni wọ́n ń ná ní Kàmbódíà, owó tiwọn ni wọ́n fi ń ṣe ṣéńjì, 4,000 riel ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dọ́là kan. Dọ́là tó bá ya báyìí tàbí tó dọ̀tí, wọn ò ní gbà á, ẹ kó tuntun dání, ẹ kó kékeré dání. Àwọn ọmọ kéékèèké máa wá ta káàdì fún yín, ó ń ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n tówó bá ń wọlé fún wọn níbẹ̀ wọn ò ní rí wọn nílé ìwé, torí náà ẹ rà á lọ́wọ́ àgbàlagbà. Oúnjẹ ò ní yọ yín lẹ́nu, ìrẹsì wà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹja tí wọ́n ń pè ní amok sì wà tí wọ́n ń fi mílíìkì àgbọn sè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jọ mọ́ínmọ́ín ewé tó rọ̀ dáadáa. Ata àwọn Thailand ni kí ẹ bẹ̀rù, èmi tí mo ń pe ara mi ní ọmọ Ìjẹ̀bú mu omi tó pọ̀.

Tó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè ní Thailand, ẹ má fi sínú àpótí tó máa wọ ikùn bàlúù, ọwọ́ ni kí ẹ fi mú un. Tíkẹ́ẹ̀tì Angkor, tọjọ́ kan jẹ́ 37 dọ́là, tọjọ́ mẹ́ta 62. Tọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ rà, kò pọn dandan kí ọjọ́ náà tẹ̀ lé ara wọn, ẹ lè lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ojú ibẹ̀ ni wọ́n á ti ya yín ní fọ́tò sára ẹ̀ torí náà ẹ ò lè yá ẹnikẹ́ni. Tí onítour bá ní tọjọ́ kan lòun rà fún yín, ẹ béèrè ìdí.