Anne nìkan ló sùn lẹ́yìn odi

Lójúde ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, orí ibojì bàbá àgbà la máa ń sá ata sí. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bóyá ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Brontë, ìdílé òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ṣe wọ̀ mí lára. Ní Haworth, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Branwell kú ní Oṣù Kẹsàn-án 1848, Emily ní Oṣù Kejìlá. Abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n wà. Charlotte bá wọn níbẹ̀ ní 1855. Anne kú sí Scarborough, létí òkun, ní 1849. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Ọmọ mẹ́fà ni bàbá wọn bí. Gbogbo wọn ló ṣíwájú rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún màmá mi.

“Ó wá ń wàásù lórí wọn?”

Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni, mà.

Wọ́n rọra kó ata wọn nílẹ̀.