Ohun tí iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò kọ́ mi nípa agolo tí a fi ń dènà ìpẹtà

Iyọ̀ tó ń bá atẹ́gùn òkun wọ̀lú kì í jẹ́ kí irin pẹ́ ní Èkó. Mọ́tò tó bá ń sùn ní agbègbè Ajah tàbí Badagry, abẹ́ rẹ̀ á ti máa dípẹtà kí ẹni tó ni ín tó fura. Iṣẹ́ mi ni láti fín òróró tó ń dènà ìpẹtà sí irú abẹ́ mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe òróró inú agolo náà ló léwu jù, ohun tó ń tì í jáde ni.

Gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní CFC ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Kì í gbaná, ṣùgbọ́n ó ń ba ozone tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, ni àwọn orílẹ̀-èdè bá ṣe àdéhùn Montreal ní 1987 láti dín in kù. Propane àti butane ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn yìí náà ló wà nínú sìlíńdà tí ẹ fi ń se ọbẹ̀. Agolo kan wà tó jẹ́ carbon dioxide ló ń ti tirẹ̀, ìyẹn kì í gbaná, àmọ́ epo tí wọ́n fi la òróró inú rẹ̀ ṣì lè gbaná.

Propane àti butane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Wọn kì í gbà ojú fèrèsé jáde, ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ lọ, wọ́n á sì kóra jọ síbi tó bá jìn. Ní ṣọ́ọ̀bù, kòtò tí a ń wọ̀ láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mọ́tò nìyẹn. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo fojú rí i tí iná sọ nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fín agolo náà ti jáde, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wẹ́dà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ló tan iná tirẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fín in nínú kòtò. Ìta gbangba la ti ń gbé mọ́tò sókè, a ó pa jẹnẹrétọ̀, a ó yọ orí bátìrì, a ó sì dúró kí páìpù èéfín tutù pátápátá. Ẹ má jẹ́ kó ta sí bíréèkì o, mọ́tò náà ò ní dúró mọ́. Bí iná bá sì ràn, ẹ má da omi sí i, epo á léfòó, á gbé iná náà kiri. Iyanrìn ni kẹ́ ẹ bù, tàbí kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun.

Òórùn ohun tó ń jáde nínú agolo náà máa ń fa orí fífọ́ àti òòyì. Aṣọ tí ẹ so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ẹ jáde síbi afẹ́fẹ́.

Ti àwọn ọmọdé ló ń dùn mí jù. Bí ọmọ bá gbé epo inú agolo yìí mì, epo pupa ni àwọn ìyá wa máa ń sáré fún un kó lè bì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Epo inú agolo tó gbé mì yẹn ṣàn gan-an. Bí ọmọ bá ń bì, ó lè yọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń pa ènìyàn. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú agolo náà dání kí dókítà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ara ọ̀pọ̀ agolo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ooru tó bá ju 50°C lọ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Inú mọ́tò tí a páàkì sínú oòrùn ọ̀sán lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fi í síwájú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí tó ti tán pàápàá, gáàsì ṣì máa ń ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹ má fi ìṣó lu ú, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń bá yín kó ìdọ̀tí pé kó ṣà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó ṣáná sí ààtàn.