Ogún ìka wọn pé: ọpẹ́ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ̀yin àfáà wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mọ́sà tí ẹ rí nílẹ̀ yìí, ti ọpẹ́ ni. Àwọn ọmọ wa mẹ́rin tó ń kàwé ní Naâma, ní ilẹ̀ Àlìjíríà, lọ wo òjò dídì lórí òkè aṣálẹ̀ lápá Ain Sefra. Mọ́tò wọn há sókè mọ́jú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàyè, ogún ìka ẹnì kọ̀ọ̀kan sì pé. Ẹ bá wa ṣe Alihamudulilahi.

Ẹ óò ní báwo ni òjò dídì ṣe dé Sàhárà. Ain Sefra fi ohun tó lé ní 1,000 mítà ga ju òkun lọ, òkè Aïssa tó wà nítòsí rẹ̀ sì ga tó 2,236 mítà. Bí a bá ti ń gun 1,000 mítà, otútù ń fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà le sí i. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá ti àríwá gbé omi Òkun Mẹditaréníà wá kọ lu òkè yẹn, òjò tó rọ̀ á dì. Àmọ́ kó tó bo iyanrìn pupa ìsàlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n: ó ṣẹlẹ̀, fún àpẹẹrẹ, ní 1979, ní ìparí 2016, àti ní oṣù kìíní 2018.

Ọ̀sán kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ bẹ̀rù. Oòrùn á yọ́ òjò dídì, omi á ṣàn gba ojú ọ̀dà, tí oòrùn bá sì wọ̀, omi náà á di yìnyín tó mọ́ gaara. Ojú á rò pé ọ̀nà kàn tutù ni. Níbi tí òkè bá ti ṣíji bo kọ́nà, yìnyín ọjọ́ méjì lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì níbẹ̀ ti bọ́ sí gọ́tà nìyẹn. Jíà kejì ni kó fi sọ̀ kalẹ̀, kó rọra.

Nínú mọ́tò tó há, èéfín lè yára pani ju otútù lọ. Òjò dídì máa ń dí ihò tí èéfín ń gbà jáde, èéfín á yí padà wọnú mọ́tò. Gáàsì olóró tó wà nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Òun náà ló ń pa àwọn tó gbé ẹ̀rọ amúnáwá sínú yàrá sùn níbí. Nítorí náà, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ gbẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ń tàn án ní wákàtí kan, gíláàsì fẹjú ìwọ̀n ìka kan níhà tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ wá. Bí orí bá ń fọ́ni, tí èébì ń gbéni, ẹ jáde kíá.

Àwọn ọmọ wa kò fẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ọlọ́run ló fún wọn ní làákàyè yẹn, nítorí mọ́tò rọrùn láti rí ju èèyàn lọ. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn. Wọn kò jẹ òjò dídì, torí ó ń jẹ ooru inú ara. Inú ìgò ni wọ́n ti yọ́ ọ kí wọ́n tó mu ún. Tẹlifóònù wà láyà, lábẹ́ aṣọ, kí bátìrì má baà kú.

Aṣọ òwú kò wúlò lókè yẹn. Bó bá ti tutù, ṣe ló ń fa ooru ara jáde. Súwẹ́tà onírun àgùntàn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sọ́mọ yín. Ẹ wá a láàárín àlòkù ní Misẹ́bọ̀, ní Kútọnu. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìka tó bá ti kú tipiri, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má yá a níná. Abẹ́ abíyá ni kí ẹ fi sí.

Ní òwúrọ̀, awakọ̀ kan, ọmọ ibẹ̀, fi ṣọ́bìrì da iyanrìn sábẹ́ táyà, mọ́tò sì jáde. Iyanrìn aṣálẹ̀ náà ni o!

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ, kó má jẹ́ kí agogo méjì ọ̀sán bá òun lókè. Àfáà, ẹ bá wa ka Fátíhà, mọ́sà ń tutù.