Ọkọ̀ Pupa, 116, Òrùlé Rìbìtì

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì pàdé ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Brooklyn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ ní New York débi pé wọ́n máa ń dijú tí wọ́n bá ń júwe ọ̀nà. Ìyàwó wọn gbé ike ẹ̀fọ́ rírò sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún àbúrò wa tó ń kàwé ní Columbia University. Mo ní kí n wo ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Fóònù fún kí ni? Wọ ọkọ̀ pupa. Tó o bá ti gbọ́ pé wọ́n pe títì 110, dìde. Sọ̀ ní 116. Tó o bá jáde sókè, wàá rí ilé ńlá kan tí òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì. O ti débẹ̀ nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn.

Àmì ara ọkọ̀ tó wà níbùdókọ̀ pupa lóòótọ́. Nọ́ńbà 2 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo jókòó, mo gbé ọbẹ̀ lé itan, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i pé epo ti ń yọ́ jáde nídìí ọ̀rá. Látìgbà náà, n kò mọ ohun tó ń lọ nínú ọkọ̀ mọ́. Mo fi áńkáṣífù funfun mi dí i níbí, ó yọ níbòmíràn. Ìyá àgbà òyìnbó tó jókòó tì mí rọra sún ẹ̀wù rẹ̀ sápá kan.

Nígbà tá a dé 96th Street, èrò rọ́ jáde, wọ́n sá wọ ọkọ̀ mìíràn tó dúró ní òdìkejì. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní àwọn ará New York yìí ò ní sùúrù, ẹni tó ti jókòó jẹ́ẹ́ tún ń sáré lọ dúró nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Àṣé wọ́n gbọ́n jù mí lọ. Ọkọ̀ pupa tó ń gba apá ibẹ̀ kọjá, mẹ́ta ni: 1, 2 àti 3. Wọ́n jọ ń bọ̀ ni títí dé 96th Street, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pínyà. Nọ́ńbà 1 á máa bá Broadway lọ síbi tí yunifásítì wà, 2 àti 3 á ya ọwọ́ ọ̀tún, ó di Harlem. Èyí tó wá pa mí láyò ni pé ọ̀nà méjèèjì ló ní 110, méjèèjì ló sì ní 116. Mo gbọ́ 110, mo dìde. Mo gbọ́ 116, mo sọ̀. Mo gun àtẹ̀gùn jáde, mo gbójú sókè, òrùlé rìbìtì rèé, ó tún láwọ̀ ewé. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kú iṣẹ́.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ kí mi. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ dirun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé orí mi ń dán. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí fóònù dún.

"Bọ̀ọ̀dá, ibo lẹ dé?"

"Mo ti dé 116."

"Èmi náà wà ní 116. Mi ò rí yín."

"Mo wà níwájú ilé olórùlé rìbìtì."

"Òun náà ni mò ń wò yìí. Aṣọ wo lẹ wọ̀?"

"Búlúù. Mò ń juwọ́ báyìí."

Mo juwọ́ títí. Ọkùnrin kan tó ń ta fìlà ní òdìkejì títì juwọ́ sí mi padà.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

"Ọjà. Wọ́n ń ta àńkárá."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí fóònù fi já.

Mọ́ṣáláṣí Malcolm Shabazz ni mo dúró sí níwájú, ní ìkòríta Lenox Avenue àti 116th Street, lórí ilẹ̀ tí Malcolm X ti ń wàásù láyé ọjọ́un. Àwọn ará Senegal pọ̀ ládùúgbò náà débi pé Little Senegal ni wọ́n ń pè é. Mo tọ olùta fìlà lọ. "Nanga def?" ló fi kí mi. Mo ní, "A dúpẹ́." Ó mi orí, ó jọ pé ó gbọ́ mi yé. Nígbà tí mo dárúkọ yunifásítì, ó na ọwọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, ó ní kí n máa lọ tààrà. "Tó o bá rí òkè, gùn ún."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré.

Mo rìn dé Frederick Douglass Boulevard, mo tún rí ibùdókọ̀ mìíràn tí wọ́n kọ 116 sí, ti B àti C. Ìbínú gùn mí. (Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ti nọ́ńbà 6 tún wà ní Lexington Avenue. Ìlú kan ṣoṣo, 116 mẹ́rin.) Iwájú díẹ̀ ni Morningside Park wà, òkè sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, àpáta gidi tó dúró bí ògiri. Mo jókòó sínmi létí adágún odò inú ọgbà náà. Adágún yẹn ní ìtàn: ní 1968, yunifásítì ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láti fi kọ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá, àwọn ará Harlem àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí, iṣẹ́ dúró, kòtò sì di omi. Pẹ́pẹ́yẹ kan jáde nínú rẹ̀, ó wo ọ̀rá mi, ó wo ojú mi.

Àtẹ̀gùn orí àpáta náà, ẹ má bèèrè. Ọmọbìnrin kan sáré gòkè, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè bọ̀ bá mi níbi tí mo ti ń mí gúlegúle. Ó ní mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Irọ́ ni.

Mo ṣá dé. Òrùlé rìbìtì ti Low Library rèé, ère obìnrin tí wọ́n ń pè ní Alma Mater jókòó níwájú rẹ̀, ó la ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń bi mí pé kí ló dá mi dúró. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó gba ọ̀rá, ó wo inú ike. Epo ti tán pátá, ẹ̀fọ́ ló kù. Ó ní òwìwí kan wà nínú ìṣẹ́po aṣọ ère náà, kí n wá a. Mo ní kí ó wá ṣíbí.

A rìn dé kàtídírà St. John the Divine ní 112th Street. Ọdún 1892 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìjọsìn náà, wọn ò tíì parí rẹ̀ títí dòní. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ wo ohun tó pẹ́, èmi lẹ wá ń bá wí."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo gba ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì wọlé. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ti ọkọ̀ tó ń lọ sókè nìyẹn, pé òdìkejì Broadway lèèyàn ti ń wọ èyí tó ń padà. Ọkọ̀ gbéra, kò pẹ́, ìmọ́lẹ̀ là. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti wà lójú sánmà, orí afárá gíga, mọ́tò ń kọjá nísàlẹ̀ wa. 125th Street ni.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wọ ti ọwọ́ kejì, ìyá kan dá mi dúró, ó ní kí n jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni 116.

Mo ní, "Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì lọ bi ẹlòmíràn.